Ìràwọ̀ Onígun Mẹ́fà Kì í Ṣe Ẹ̀rí Àjẹ́

Ẹ jẹ́ kí n fi kọ́bọ̀ méje bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi lónìí.

Oṣù tó kọjá ni wọ́n ń tún yàrá àbúrò ìyá bàbá mi kùn n'Ìbàdàn. Màmá yìí ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Aṣọ ni wọ́n tà títí ẹsẹ̀ fi kọ̀ fún wọn, gbogbo ẹbí ló sì ń pè wọ́n ní Ìyá Aláṣọ. Bí àwọn ọmọ ṣe ń kó ẹrù síta, wọ́n rí agolo bisikíìtì kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àkísà kan ló wà nínú rẹ̀ tí wọ́n dì pọ̀. Nígbà tí wọ́n tú u, owó onírin méje ló já bọ́ sílẹ̀. Gbogbo wọn ló ní ihò láàárín, àwòrán ìràwọ̀ kan sì yí ihò náà ká. Ìràwọ̀ ọ̀hún ní ṣóńṣó mẹ́fà.

Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò mi ya fọ́tò rẹ̀, ó jù ú sórí WhatsApp ẹbí, ó sì kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sábẹ́ rẹ̀: "Hexagram!"

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ohùn tí àwọn èèyàn gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ ti lé ní ogún. Ẹnì kan ní àmì ẹgbẹ́ òkùnkùn ni. Òmíràn ní òun ti gbọ́ ọ lẹ́nu wòlíì kan pé "hex" túmọ̀ sí èpè lédè Òyìnbó, pé "hexagram" ni àmì tí wọ́n fi ń kọ èpè lé èèyàn lórí. Ẹnì kẹta rántí ọmọ tó kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó ti pẹ́. Ẹnì kẹrin rántí físà tí wọn ò fún un. Kí n má fọ̀rọ̀ gùn, nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, àwọn ọmọ ilé ò gba oúnjẹ lọ́wọ́ Màmá mọ́, Màmá ò sì mọ ohun tí àwọn ṣe.

Mo wọkọ̀, mo lọ sílé. Mo mú ọ̀kan nínú owó náà, mo yí i síwá sẹ́yìn. "British West Africa" ló wà lára rẹ̀, "One Penny" àti ọdún 1945, pẹ̀lú orúkọ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yin èèyàn mi, kọ́bọ̀ ni! Kọ́bọ̀ tí tèwe tàgbà ń ná láyé ìjọba Òyìnbó. Mo gbé e lọ bá Màmá, mo bi wọ́n pé kí lèyí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Èrè tí mo kọ́kọ́ jẹ láyé mi nìyẹn, nígbà tí ìyá mi ní kí n máa kiri òwú àti abẹ́rẹ́. Mi ò lè ná an." Nígbà tí mo wá ṣàlàyé ohun tó ń lọ nínú ilé fún wọn, ẹ̀rín kúrò lójú wọn. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní: "Ṣé kọ́bọ̀ náà ti wá di àjẹ́ ni?"

Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ dáhùn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Èdè Gíríìkì ni "hexagram" ti wá. "Hex" ní èdè náà ni ẹẹ́fà, "gramma" sì ni ohun tí a kọ tàbí ilà tí a fà. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ mú bírò, ẹ ya àwòrán onígun mẹ́ta kan tó dúró, ẹ wá ya òmíràn tó dorí kodò lé e lórí. Ilà mẹ́fà lẹ fà, ṣóńṣó mẹ́fà ló yọ. Hexagram lẹ yà yẹn. Ẹ ò pe ọfọ̀ kankan.

Lóòótọ́, "hex" tó túmọ̀ sí èpè wà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àmọ́ ẹnu ọ̀nà míì ló gbà wọlé. Inú èdè Jámánì ló ti wá, láti ara "Hexe" tí wọ́n ń pe àjẹ́. Àwọn ará Jámánì tó lọ tẹ̀dó sí Pennsylvania ló gbé e dé Amẹ́ríkà. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ò bára tan rárá, wọ́n kàn jọra lójú ni. Ó sì yẹ kí èyí tètè yé ọmọ Yorùbá ju ẹnikẹ́ni lọ. Ta ni nínú wa tó máa sọ pé ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ jẹ́ nǹkan kan náà nítorí pé lẹ́tà wọn bára mu? Ẹni tó gbé ọkọ́ lọ sóko kò gbé ọkọ oníyàwó lọ síbẹ̀. Tí "hex" bá sì jẹ́ èpè níbikíbi tó bá ti yọjú, a jẹ́ pé afárá oyin, tí ojú ihò kọ̀ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ hexagon, èpè là ń lá látọjọ́ yìí.

Kódà, kì í ṣe gbogbo hexagram ló jẹ́ ìràwọ̀. Àwọn ará Ṣáínà ní ìwé àyẹ̀wò àtayébáyé kan tó ń jẹ́ I Ching. Àmì 64 ló wà nínú rẹ̀, ilà mẹ́fà tí wọ́n tò léra wọn sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ti rí odù lórí ọpọ́n Ifá rí, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ò ní ṣàjèjì sí i. Hexagram ni àwọn Òyìnbó ń pe àwọn àmì náà, bẹ́ẹ̀ kò sí ìràwọ̀ kankan níbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá kàn pariwo "hexagram" kò tíì sọ nǹkan kan fún wa ju pé òun rí ilà mẹ́fà lọ.

Àwa ńkọ́? Kí là ń pè é ní Yorùbá? Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Orúkọ mẹ́ta ló wà nílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní ibi tó yẹ ká ti lò ó.

Èkíní ni ìràwọ̀ onígun mẹ́fà. Bí nǹkan náà ṣe rí lójú nìkan ni orúkọ yìí ń sọ. Kò sọ ẹni tó ni ín, kò sì sọ ohun tó fi ń ṣe. Ẹ má yọ "ìràwọ̀" kúrò níwájú rẹ̀ o, torí "onígun mẹ́fà" lásán lè jẹ́ ojú afárá oyin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Tí ẹ ò bá mọ ìtàn ohun tẹ́ ẹ rí, orúkọ yìí ni kẹ́ ẹ pè é, kẹ́ ẹ sì dákẹ́ síbẹ̀ ná.

Èkejì ni Ìràwọ̀ Dáfídì, tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ àwọn Júù. Ẹ jẹ́ mọ̀ pé àwọn Júù fúnra wọn kì í pè é ní ìràwọ̀. Magen David ni wọ́n ń pè é lédè Hébérù, ìyẹn asà Dáfídì. Ọ̀dọ̀ Òyìnbó la ti kó "ìràwọ̀" mọ́ ọn. Kò sí ibì kankan nínú Bíbélì tí wọ́n ti sọ pé Dáfídì gbé asà tó ní ìràwọ̀ onígun mẹ́fà lára. Wọ́n rí àwòrán náà lára òkúta sínágọ́gù àtijọ́ ní Kápánáúmù, àmọ́ ọ̀ṣọ́ lásán ni láàárín àwọn ọ̀ṣọ́ mìíràn. Ọ̀pá fìtílà ẹlẹ́ka méje ni àmì tí wọ́n fi ń dá ẹ̀sìn Júù mọ̀ látayébáyé. Ọ̀rúndún kẹrìnlá ni àwọn Júù ìlú Prague gbà láti ní àsìá tiwọn, ibẹ̀ ni ìràwọ̀ yìí sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúró fún odindi àwùjọ Júù kan. Ọdún 1897 ni àwọn tó ń jà fún ilẹ̀ Júù ṣe ìpàdé ńlá wọn àkọ́kọ́ nílùú Basel, tí wọ́n sì fi ìràwọ̀ náà ṣe àmì tiwọn. Ní 1948, ó di ara àsìá Ísírẹ́lì. Gershom Scholem, ọ̀jọ̀gbọ́n Júù tó kọ́ni ní Yunifásítì Hébérù ní Jerúsálẹ́mù, ló ṣàlàyé ìtàn yìí dáadáa. Júù ni, síbẹ̀ kò purọ́ fún ara rẹ̀ pé ọ̀dọ̀ Ọba Dáfídì ni àmì náà ti ṣẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni Èdìdì Sólómọ́nì. Ìtàn àtẹnudẹ́nu tó gbòde láàárín àwọn Júù, Kristẹni àti Mùsùlùmí ni pé Sólómọ́nì, tí àwọn Mùsùlùmí wa ń pè ní Ànábì Sùlàìmọ́nù, ní òrùka kan tó fi ń pàṣẹ fún àwọn àǹjọ̀nú. Àmì ara òrùka yẹn ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Nígbà míì, wọ́n á ya á ní ṣóńṣó mẹ́fà, nígbà míì, á jẹ́ márùn-ún. Owó idẹ ilẹ̀ Mòrókò ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ní èyí tó ní ṣóńṣó mẹ́fà lára. Ìjọba Mùsùlùmí ló ṣe owó náà, ẹnikẹ́ni ò sì sọ pé wọ́n ti di Júù.

Ẹ ṣí fóònù yín báyìí, kẹ́ ẹ lọ síbi tí àwọn emoji wà. Ẹ máa rí ìràwọ̀ yìí lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀kan ń jẹ́ "Star of David". Èkejì, tó ní ẹ̀kán kékeré láàárín, ìràwọ̀ onígun mẹ́fà lásán ni wọ́n pè é. Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé àwòrán kan náà lè jẹ́ orúkọ méjì. Àwa tá a ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́ ni ò tíì fiyè sí i.

Ó tún kù. Ní Íńdíà, àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ń ya á láti fi hàn pé akọ àti abo ti so pọ̀: onígun mẹ́ta kan dúró fún Shiva, èkejì fún Shakti. Ní agbègbè Oberpfalz ní Jámánì, ẹni tó bá pọn ọtí bíà tó sì fẹ́ tà á á gbé ìràwọ̀ onígun mẹ́fà kọ́ síwájú ilé rẹ̀. Iṣẹ́ tó ń ṣe fún wọn níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí iṣẹ́ tí "Food is Ready" ń ṣe níwájú búkà ìyá olóúnjẹ wa. Ẹ ò rí i? Àwòrán kan náà: níbì kan ó ń sọ pé ìjọba rèé, níbì kan ó ń sọ pé Ọlọ́run rèé, níbòmíì ó ń sọ pé ẹ wá mu bíà.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sílé, torí ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan agolo Màmá. Láti ọdún 1907 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe owó onírin tó ní ihò láàárín fún Nàìjíríà, Gánà tí wọ́n ń pè ní Gold Coast nígbà náà, Sierra Leone àti Gambia. Ìràwọ̀ onígun mẹ́fà ló yí ihò náà ká, lára kọ́bọ̀, lára eépìnnì àti lára ọ̀nínì. Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀nínì yẹn náà, tẹ́ ẹ máa ń dárúkọ tẹ́ ẹ bá ní ẹ ò ní kọ́bọ̀, ẹ ò ní ọ̀nínì. Ìdá kan nínú mẹ́wàá kọ́bọ̀ ni. Kódà ní 1959, nígbà tí Nàìjíríà ṣe owó tirẹ̀ nígbà tí òmìnira kù díẹ̀, ìràwọ̀ náà ṣì wà lára kọ́bọ̀ àti eépìnnì.

Kì í sì í ṣe owó nìkan. Láti 1914 títí di òmìnira ní 1960, àsìá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Nàìjíríà ní àmì róbótó pupa kan, ìràwọ̀ onígun mẹ́fà aláwọ̀ ewé ló wà nínú rẹ̀, adé ọba wà láàárín ìràwọ̀, wọ́n sì kọ "Nigeria" sábẹ́ adé. Èdìdì Sólómọ́nì ni wọ́n ń pè é. Ọmọ Yorùbá kan, Táíwò Akínkúnmi, ló ya àwòrán aláwọ̀ ewé, funfun àti ewé tó gba ipò rẹ̀. Tí ìràwọ̀ yẹn bá jẹ́ àmì àjẹ́, a jẹ́ pé gbogbo ẹni tó ra àkàrà, tó san owó orí, tó dá owó igbá ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí tó ṣe sàráà ní mọ́ṣáláṣí láyé ìgbà yẹn, àjẹ́ ni wọ́n. Àwọn bàbá ńlá ẹni tó ń pariwo "hexagram" náà wà níbẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní: "Bọ̀ọ̀dá Lọ́yà, ṣé ẹ ń sọ pé àwọn babaláwo, àwọn aláfàá àti àwọn ẹgbẹ́ awo ò lò ó ni?" Rárá o, mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń lò ó. Ó wà lára tírà, ó wà nínú àwọn ìwé oògùn tí Òyìnbó kọ tí wọ́n ń fi orúkọ Sólómọ́nì tà, àwọn ìjọ kan sì ń ya á sára ògiri àti aṣọ àdúrà wọn. Mo ti rí dánfó tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì, tí dẹ́rẹ́bà rẹ̀ gbà pé ìbùkún ló ń fà. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìlò ló ń fún àmì ní ìtumọ̀. Ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé iṣu nílé yín àti ọ̀bẹ tí olè gbé dání lè jẹ́ ọ̀kan náà lọ́jà. Ẹ bi mí léèrè ọwọ́ tó wà. Ó sì kan ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ mọ́tò fún ìbùkún náà: ìràwọ̀ tí kò lè gbé èpè fúnra rẹ̀ kò lè gbé ìbùkún fúnra rẹ̀.

Wọ́n tún máa ń fa Ámósì 5:26 àti Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 7:43 yọ, pé Bíbélì bẹnu àtẹ́ lu ìràwọ̀ òrìṣà kan. Òótọ́ ni, ìràwọ̀ wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹ ka ẹsẹ méjèèjì dáadáa: kò sí èyí tó sọ iye ṣóńṣó tí ìràwọ̀ ọ̀hún ní. Ẹni tó ka ẹẹ́fà níbẹ̀, òun ló gbé e wá látilé.

Ẹnì kan á ní, "Ọ̀rọ̀ àwòrán lásán lèyí, kí ló kàn án?" Ó kàn án gan-an. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1941, ìjọba Násì ti Hitler pàṣẹ ní Jámánì pé kí gbogbo Júù tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà rán ìràwọ̀ onígun mẹ́fà aláwọ̀ yẹ́lò mọ́ àyà aṣọ wọn, kí wọ́n kọ "Jude" sí i, ìyẹn Júù. Ìràwọ̀ yẹn ò pa ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ti pinnu pé ẹni tó bá ti so ó mọ́ra kì í ṣe èèyàn ló pa mílíọ̀nù mẹ́fà Júù. Ọdún méje lẹ́yìn àṣẹ yẹn, àwọn tó kù fi ìràwọ̀ kan náà sára àsìá orílẹ̀-èdè wọn. Àwòrán ò yí padà. Àwọn tó ń sọ ìtumọ̀ rẹ̀ ló yí padà.

Nílẹ̀ tiwa, tí wọ́n bá ti fi àmì kan pe arúgbó ní àjẹ́, ẹ mọ ibi tó sábà máa ń já sí. Ó ń bẹ̀rẹ̀ látorí oúnjẹ tí wọn ò jẹ mọ́, á dórí ẹrù tí wọ́n jù síta, á sì dórí òkúta àti igi. Àwọn àgbà ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni, àmọ́ ẹ má gbé e lọ sí kóòtù. Adájọ́ á bi yín pé ta ló gbọ́ igbe, ta ló rí àjẹ́, kí ni dókítà sì sọ pé ó pa ọmọ. Abala 131 nínú Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 sọ ọ́ kedere pé ẹni tó bá ní nǹkan rí báyìí, tó sì fẹ́ kí kóòtù tẹ̀ lé òun, òun ló gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn. Abala 38 nínú òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 fún oníkálukú lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe ẹ̀sìn tó wù ú. Abala 210 nínú Criminal Code ti ìjọba àpapọ̀ ló yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ju fọ́tò sórí WhatsApp mọ̀ sórí: ẹni tó bá fẹ̀sùn kan ẹlòmíràn pé àjẹ́ ni, tàbí pé ó ní agbára àjẹ́, ti dẹ́ṣẹ̀ sófin, ó sì lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún méjì jura. Ẹ kà á dáadáa o. Ẹni tó fẹ̀sùn kan ni ni mò ń sọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, tẹ́ ẹ bá tún rí ìràwọ̀ yìí lára ohunkóhun, ìbéèrè mẹ́ta péré ni kẹ́ ẹ bi ara yín. Ta ló fi síbẹ̀? Ìgbà wo ni? Kí ló fi ń ṣe? Tí ìdáhùn bá jẹ́ Júù, ẹ pè é ní Asà Dáfídì tàbí Ìràwọ̀ Dáfídì. Tó bá jẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́ tàbí ìtàn Ànábì Sùlàìmọ́nù, ẹ pè é ní Èdìdì Sólómọ́nì. Tẹ́ ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ìràwọ̀ onígun mẹ́fà ni, kẹ́ ẹ sì lọ bi ẹni tó ni ín kẹ́ ẹ tó bi gbogbo ayé. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nínú ẹbí wa, ọjọ́ mẹ́ta gbáko la fi dá ẹjọ́ Màmá, kò sí ẹnì kan tó na ọwọ́ kan ilẹ̀kùn wọn láti béèrè pé, "Màmá, kí lèyí?"

Àbúrò mi tó ya fọ́tò ti pa á rẹ́. Ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún Màmá, Màmá sì mú ọ̀kan nínú kọ́bọ̀ méje náà, wọ́n ní kó máa tọ́jú rẹ̀. Kò kọ́kọ́ fẹ́ gbà á. Ẹ̀rù ṣì ń bà á díẹ̀. Nígbà tó yá, ó na ọwọ́, ó gbà á, ó sì fi í sápò.

Àmọ́ ẹni méjì ṣì wà nínú ilé yẹn tí kò tíì jẹun lọ́wọ́ Màmá títí di òní tí mò ń kọ èyí. Àwọn ni mo kọ ọ́ sí.